Orí Keje: Bí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ṣe Ń Tọ́ Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù Dàgbà

Èròńgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

- ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wíwá ọmọ tó ti mọ bọ́ọ̀lù gbá àti títọ́ ọmọ di agbábọ́ọ̀lù;
- sọ bí oṣù ìbí àti ìdàgbà ara ṣe lè ṣi akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́nà;
- ṣàpèjúwe irú ìgbaradì tó bá ọmọdé mu, àti bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ara wọn;
- ṣírò owó tó tọ́ sí ẹgbẹ́ tó tọ́ agbábọ́ọ̀lù nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn bá tà á.

7.1 Ọmọ méjì, ẹgbẹ́ kan

Nígbà tí Harry Kane wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó lo sáà kan lábẹ́ Arsenal ní London, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ó sanra díẹ̀, eré rẹ̀ kò sì yá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Tottenham tó ti ń bá Arsenal figa gbága láti ọjọ́ pípẹ́ gbà á sọ́dọ̀. Kí Kane tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Bayern Munich lọ́dún 2023, ó ti gbá bọ́ọ̀lù 280 sáwọ̀n fún wọn. Kò sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà.

Bukayo Saka ní tirẹ̀ dúró. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà, Ealing ní ìwọ̀-oòrùn London ni wọ́n sì bí i sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún 10 tó fi dé Hale End, níbi tí Arsenal ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, lẹ́ni ọdún 17, ó bá ikọ̀ àgbà gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìdíje Europa League.

Ó rọrùn láti sọ pé Arsenal rí ẹ̀bùn ọ̀kan, wọn kò rí ti èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ ìbí wọn. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ni wọ́n bí Saka; ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1993 ni wọ́n bí Kane. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fi ń pín ọmọ sí kíláàsì níléèwé, òun náà ni wọ́n sì fi ń pín wọn sí ikọ̀ lórí pápá. Saka fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún gbogbo ọmọ tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan. Kane ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àbúrò pátápátá.

Èyí kò sọ pé oṣù ìbí ló sọ Saka di ẹni tó jẹ́ lónìí. Ohun tó ń sọ ni pé ojú tí àgbà fi ń wo ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í sábà rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, àti pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ sunwọ̀n gbọ́dọ̀ ní ètò tó ń tún ojú náà ṣe.

7.2 Àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí akádẹ́mì, ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó ń gba ọmọdé, tó ń kọ́ wọn, tó sì ń pèsè wọn sílẹ̀ fún ikọ̀ àgbà. Ikọ̀ àgbà ni àwọn tó ń ṣojú ẹgbẹ́ nínú líìgì. Aṣàwárí ni ẹni tí ẹgbẹ́ ń rán kiri láti wo ọmọ tó ní ẹ̀bùn, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ́ ẹni tó ń kọ́ ọmọ náà lẹ́yìn tó bá ti dé.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì wọ inú ara wọn, àmọ́ ìbéèrè wọn yàtọ̀. Ìṣàwárí ń béèrè pé: ta ló mọ̀ ọ́n gbá lónìí? Títọ́ agbábọ́ọ̀lù dàgbà ń béèrè pé: ta ni yóò mọ̀ ọ́n gbá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí ló sì yẹ kó rí gbà báyìí kó lè débẹ̀? Ẹgbẹ́ tó bá ń fi ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ dáhùn èkejì lè máa gba ife àwọn ọmọdé lọ́dọọdún, kó sì máa ná owó ńlá ra agbábọ́ọ̀lù níta fún ikọ̀ àgbà.

Ní ọdún 2012, Premier League bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elite Player Performance Plan. Ètò náà pín àwọn ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sí ipò mẹ́rin. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò máa ń wo pápá, ìmọ̀ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìtọ́jú ara, ẹ̀kọ́ ìwé àti ìtọ́jú ọmọ kí wọ́n tó fún ẹgbẹ́ ní ipò. Ètò náà pín ìgbà ẹ̀kọ́ ọmọ sí mẹ́ta pẹ̀lú:

1. Ìpele ìpìlẹ̀, láti ìsọ̀rí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 títí dé ti ọdún 11.
2. Ìpele ọ̀dọ́, láti ìsọ̀rí ọdún 12 títí dé ti ọdún 16.
3. Ìpele iṣẹ́, láti ìsọ̀rí ọdún 17 lọ sókè, nígbà tí ọ̀dọ́ ń múra láti fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun.

7.3 Oṣù ìbí àti ìdàgbà ara

Ipa oṣù ìbí ni àǹfààní tí ọmọ tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìpínkíláàsì ń ní lórí ọmọ tí wọ́n bí ní ìparí rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ méjì nínú ikọ̀ kan: ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́jọ, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méje. Ọdún kan lásán ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ọjọ́ ayé ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ga jù, ó lágbára jù, ó sì ti fi ọdún kan gbá bọ́ọ̀lù ju àbúrò lọ. Aṣàwárí tó dúró lẹ́bàá pápá rí gíga àti agbára, ó sì pè é ní ẹ̀bùn. Wọ́n mú ọmọ náà. Ó bọ́ sọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dáńgájíá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá tó tẹ́jú, ó ń pàdé alátakò tó le. Nígbà tí yóò bá fi di ọmọ ọdún 13, ó ti mọ̀ ọ́n gbá ju ẹnìkejì lọ ní tòótọ́. Àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀ ti di òótọ́, kò sì sí ẹni tó máa rántí pé àṣìṣe ni.

Àwọn onímọ̀ ti rí èyí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nínú ikọ̀ àwọn ọmọdé, àwọn tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún ìpínkíláàsì sábà máa ń pọ̀ gan-an ju àwọn tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn lọ. Níbi tí ọdún ìpínkíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ oṣù Kẹsàn-án ló ń jàǹfààní. Níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, bó ṣe rí nínú ìdíje ọ̀dọ́ FIFA, àwọn ọmọ oṣù Kìíní ni. Ọjọ́ tí àgbà fi pín ọmọ ló fa ìyàtọ̀ náà. Orí kò yan bọ́ọ̀lù fún oṣù kan ju òmíràn lọ.

Oṣù ìbí nìkan kọ́. Ìgbà ìgasókè ni àkókò tí gíga ọmọ ń yára pọ̀ jù lọ. Fún ọmọkùnrin, ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọdún 13 sí 14. Fún ọmọbìnrin, nǹkan bí ọdún 12. Láàárín ọdún kan péré, ọmọkùnrin lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà 9 tàbí 10 ga sí i. Síbẹ̀, ọmọ méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà lè fi ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra kí ìgbà yìí tó dé bá wọn. Ọ̀kan ti ń hu irùngbọ̀n, ohùn èkejì kò tíì yí padà, nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù wọn sì tẹ̀ lé ara wọn.

Ọ̀kan lára ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú ni pípín nípa ìdàgbà ara. Wọn yóò fi gíga ọmọ, ìwọ̀n rẹ̀ àti gíga àwọn òbí rẹ̀ ṣírò bí yóò ṣe ga tó nígbà tó bá dàgbà tán, wọn yóò sì wo ìdá tó ti dé nínú gíga yẹn. Àwọn tí ìdá wọn bára mu ni yóò jọ gbá bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 12, tí èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 14. Premier League ti ṣe ìdíje irú èyí fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó tètè dàgbà, tó ti ń fi èjìká gbé gbogbo ènìyàn ṣubú, wá rí i pé èjìká nìkan kò tó mọ́, ó di dandan kó ronú kó tó gba bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó pẹ́ dàgbà rí àyè láti pàṣẹ lórí pápá. Wọn kò sọ ọ́ di ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n ń fi kún ìdíje ọlọ́jọ́ orí, nítorí ọmọ tó kéré náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bá alágbára jà.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún ní apá kejì. Ní ọdún 2009, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù láti mọ ẹni tó ti kọjá ọjọ́ orí náà. Ẹni tó bá gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù ń fi àrékérekè gba ohun tí ipa oṣù ìbí ń fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún gbà á. Ọmọ tó pàdánù jù ni ẹni tó jókòó lórí bẹ́ńṣì nítorí rẹ̀, tí ẹgbẹ́ sì lé lọ sílé pé kò lágbára.

7.4 Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá

Ọmọ tó ń gbá monkey post, ìyẹn bọ́ọ̀lù orí pápá kékeré, ní àdúgbò ń rí ohun kan gbà tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ tó ní ẹ̀wù tó mọ́ kì í fún ọmọdé: bọ́ọ̀lù ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ọmọ 22 bá gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú 44, tí a bá pín àkókò náà dọ́gba, ìṣẹ́jú 2 ló kan ẹnìkan. Bí ó bá jẹ́ ọmọ 8, mẹ́rin sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú 5 àtààbọ̀ ni. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lo ìdíje kékeré, ìyẹn eré tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kò pọ̀, tí pápá rẹ̀ sì kéré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní sáà 2024 sí 2025, àwọn ọmọ ìsọ̀rí ọdún 9 àti 10 gbá méje sí méje, ìsọ̀rí 11 àti 12 gbá mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, ìsọ̀rí 13 ló sì bẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá sí mọ́kànlá.

Ní Barcelona, ìgbaradì tó lókìkí jù ni rondo. Àwọn ọmọ mélòó kan dúró yípo, ẹnìkan tàbí méjì wà láàárín wọn tó ń lé bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá pàdánù bọ́ọ̀lù ló ń wọ àárín. Ó dà bí eré ìdárayá lásán, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ ti wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé, kó mọ ẹsẹ̀ tí yóò fi gbà á, kó sì ti yan ẹni tí yóò fún. La Masia ni ilé tí ẹgbẹ́ náà sọ di ibùgbé àwọn ọ̀dọ́ wọn ní ọdún 1979. Ní ọdún 2010, àwọn mẹ́ta tó kù nínú ìdíje ẹ̀bùn Ballon d'Or, Lionel Messi, Andrés Iniesta àti Xavi, jáde láti ẹ̀kọ́ kan náà.

Ajax ti Amsterdam ń fi lẹ́tà mẹ́rin wọn ọmọ, wọ́n sì ń pe ìwọ̀n náà ní TIPS. Àwọn ohun tí wọ́n ń wò ni ọgbọ́n ẹsẹ̀, òye eré, ìwà, àti eré sísá. Ẹ ṣàkíyèsí pé gíga kò sí níbẹ̀.

Kókó mìíràn ni yíyí ipò padà, ìyẹn kí ọmọ gbá ju ipò kan lọ kó tó yan èyí tí yóò di tirẹ̀. Ní sáà 2019 sí 2020, nígbà tí àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì farapa ní Arsenal, Saka tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù iwájú ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó ṣe é débi pé àwọn kan rò pé ibẹ̀ ni ipò rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti so mọ́ ipò kan láti ọmọ ọdún 9 kò lè rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lò.

7.5 Ìtọ́jú ara àti ẹ̀kọ́ ìwé

Nígbà ìgasókè, egungun ń gùn, iṣan kò sì tètè bá a mu. Ọmọ tó ti ń gé ènìyàn mẹ́ta kọjá lọ́dún tó kọjá lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Àwọn kan ń ní àrùn Osgood-Schlatter, ìrora tó ń mú wọn lábẹ́ orókún níbi tí iṣan ti so mọ́ egungun ojúgun. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò mọ̀ yóò ní ọmọ náà ti ń ṣọ̀lẹ, yóò sì fi kún iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé dídín iṣẹ́ kù ló yẹ. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó dára fi ń wọn gíga ọmọ léraléra láàárín ọdún. Téèpù àti ìwé àkọsílẹ̀ ni ohun èlò rẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò lówó náà sì lè ṣe é.

Ìwọ̀n iṣẹ́ ara ni àpapọ̀ ohun tí ara ọmọ ń ṣe lọ́sẹ̀: ìgbaradì ẹgbẹ́, bọ́ọ̀lù iléèwé, ìdíje òpin ọ̀sẹ̀. Bí olùkọ́ eré ìdárayá níléèwé kò bá bá akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọ kan lè máa ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì.

Ètò ìmáragbóná tí FIFA ń pè ní 11+ kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2008 lórí àwọn ọmọbìnrin ọdún 13 sí 17 ní Norway, àwọn ikọ̀ tó lò ó farapa ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí àwọn tí kò lò ó.

Ní ti ẹ̀kọ́ ìwé, òtítọ́ kan wà tí òbí kì í fẹ́ gbọ́: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kò ní fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn ọdún méjì tí wọ́n ń fún ọ̀dọ́ ọdún 16 ní ẹ̀kọ́ ìwé nínú.

7.6 Ọ̀nà sí ikọ̀ àgbà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kùnà. Wọ́n kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n wá ra ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Àfara ni orúkọ tí orí yìí fún ètò tó ń mú ọ̀dọ́ kọjá láti ikọ̀ ọmọdé sí ikọ̀ àgbà, ó sì ní oríṣi mẹ́ta.

Èkíní ni ikọ̀ kejì. Láti ọdún 2013, Jong Ajax, ìyẹn ikọ̀ kejì Ajax, ti ń kópa nínú líìgì kejì ilẹ̀ Netherlands. Òfin kò gbà wọ́n láyè láti gòkè sí líìgì àkọ́kọ́, síbẹ̀ wọ́n gba ife líìgì náà lọ́dún 2018. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ́ ọdún 18 ń kojú àgbàlagbà tó ń fi bọ́ọ̀lù bọ́ ọmọ rẹ̀.

Èkejì ni yíyá agbábọ́ọ̀lù, ìyẹn kí ẹgbẹ́ fi ọ̀dọ́ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Tottenham yá Kane fún Leyton Orient, Millwall, Norwich àti Leicester kó tó fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Yíyá yìí ń so èso nígbà tí ẹgbẹ́ tó yá ọmọ náà bá ń lò ó, tí ẹgbẹ́ tó ni ín sì ń tẹ̀ lé e. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn gbé bẹ́ńṣì ọmọ náà láti ìlú kan sí òmíràn ni.

Ẹ̀kẹta ni ìgboyà, àpẹẹrẹ rẹ̀ tó sì hàn kedere jù wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Jean-Marc Guillou, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ASEC Mimosas sílẹ̀ ní Abidjan ní àárín ọdún 1990 sí 1995. ASEC gba ife àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà lọ́dún 1998, púpọ̀ nínú àwọn àgbà ikọ̀ náà sì lọ. Nígbà tí ìdíje Super Cup ti Áfíríkà dé lọ́dún 1999, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n kó wọ pápá. Wọ́n na Espérance ti Tunis ní 3 sí 1 lẹ́yìn àfikún àkókò. Kolo Touré, Yaya Touré, Salomon Kalou àti Gervinho wà lára àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn tọ́.

Títọ́ ọmọ kò ní kí ẹgbẹ́ má ra ẹnikẹ́ni. Patrick Kluivert, ọmọ ọdún 18 tí Ajax tọ́ láti kékeré, ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na AC Milan nínú àṣekágbá Champions League ní ọdún 1995; Finidi George àti Nwankwo Kanu tí wọ́n rà láti Nàìjíríà wà nínú ikọ̀ kan náà. Manchester United ní tiwọn ti ní ó kéré tán ọmọ kan tí wọ́n tọ́ fúnra wọn nínú ikọ̀ gbogbo ìdíje láti oṣù Kẹwàá ọdún 1937.

7.7 Owó tó ń padà wá

Owó ìṣọ̀kan ni ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, èyí tí òfin FIFA ní kí wọ́n pín fún gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti sáà ọjọ́ ìbí rẹ̀ kejìlá títí dé ti kẹtàlélógún. Fún sáà ọdún 12 sí 15, ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ló kan sáà kọ̀ọ̀kan. Fún sáà ọdún 16 sí 23, ìdá 0.5 ni.

*Àpẹẹrẹ.* Ẹgbẹ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tọ́ ọmọ kan ní sáà ọdún 13, 14, 15, 16 àti 17. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Jámánì kan tà á fún ẹgbẹ́ Ítálì ní mílíọ̀nù 20 yúrò. Sáà mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá 0.75, ìyẹn 150,000 yúrò. Sáà méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá 1, ìyẹn 200,000 yúrò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 350,000 yúrò.

Owó yìí kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kò bá forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀, FIFA kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé ó tọ́ ọ. Láti ìparí ọdún 2022, ilé ìṣirò kan tí FIFA dá sílẹ̀, FIFA Clearing House, ló ń pín irú owó bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà kò sì gbà kí wọ́n kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ní òkè òkun, àyàfi fún àwọn ìdí díẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Aṣojú tó bá ń gba owó lọ́wọ́ òbí pé òun yóò mú ọmọ ọdún 15 dé Europe ń ta ohun tí òfin kò gbà.

Ọmọ lè rí ọ̀nà nílé náà. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sáà 2024 sí 2025 lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Daniel Ogunmodede. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn, Beyond Limits, tí ikọ̀ rẹ̀ ti kópa nínú líìgì tó tẹ̀ lé ti àgbà. Ìyẹn jẹ́ àfara oríṣi àkọ́kọ́ tí abala 7.6 sọ̀rọ̀ rẹ̀, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Kókó orí yìí

- Ìṣàwárí ń wo òní; títọ́ agbábọ́ọ̀lù dàgbà ń wo ọ̀la.
- Oṣù ìbí àti ìgbà ìgasókè lè fi agbára jọ ẹ̀bùn lójú aṣàwárí.
- Ìdíje kékeré ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà. Yíyí ipò padà ń fi kún òye rẹ̀.
- Láìsí àfara, ẹ̀kọ́ kì í dé ikọ̀ àgbà. Láìsí àkọsílẹ̀, owó kì í dé ẹgbẹ́.

Ìdánrawò

1. Ní gbólóhùn méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣàlàyé (a) ipa oṣù ìbí, (b) ìgbà ìgasókè, (d) ìwọ̀n iṣẹ́ ara.
2. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá gbé ọjọ́ ìpín kúrò ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ta ni yóò di ẹ̀gbọ́n nínú ìsọ̀rí rẹ̀ láàárín ọmọ tí wọ́n bí bíi Kane àti èyí tí wọ́n bí bíi Saka? Ṣàlàyé.
3. Ọmọ 10 ń gbá bọ́ọ̀lù kan, márùn-ún sí márùn-ún, fún ìṣẹ́jú 40. Ìṣẹ́jú mélòó ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan? Fi wé ti ọmọ 22 láàárín àkókò kan náà.
4. Ẹgbẹ́ kan tọ́ agbábọ́ọ̀lù ní sáà ọdún 12 títí dé 16. Wọ́n wá tà á láti Faransé sí Sípéènì ní mílíọ̀nù 8 yúrò. Ṣírò owó ìṣọ̀kan tó tọ́ sí ẹgbẹ́ náà.
5. Gba ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ikọ̀ bọ́ọ̀lù iléèwé rẹ. Pín wọn sí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí o sì ya àwòrán ìṣirò rẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tí o rí bá abala 7.3 mu? Bí kò bá bá a mu, dábàá ìdí méjì.
6. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan fẹ́ lé ọmọ ọdún 13 kan lọ nítorí pé eré rẹ̀ ti falẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Kọ ìbéèrè mẹ́rin tó yẹ kó dáhùn kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí o sì sọ abala tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti jáde.